Ẹ Yọ Ààlè Àtijọ́ Kúrò Kí Ẹ Tó Fún Ẹ̀rọ Ní Ẹnu

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ìròyìn nípa ẹ̀rọ tuntun. Èrò ara mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Òun nìyí: kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dán software yín wò fúnra rẹ̀, kí ó sì máa kọ̀wé sí yín pé iṣẹ́ yín dára tàbí kò dára, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo àmì àtijọ́ tó wà lára iṣẹ́ náà kúrò. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irọ́ ni ẹ̀rọ náà á máa pa fún yín, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò mi.

Thamesmead ni mò ń gbé. Láràárọ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ sí Woolwich, màá sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Woolwich Arsenal. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Woolwich Dockyard. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé kí ni àwọn orúkọ yìí ń sọ gan-an. Arsenal ni ibi tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìbọn ńlá àti ọta. Ilé iṣẹ́ ìbọn ibẹ̀ ti kógbá sílé láti ọdún 1967. Ilé gbígbé ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Kódà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1886, ti kó lọ sí Highbury láti ọdún 1913. Dockyard ńkọ́? Ọba Henry Kẹjọ ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1512 kí wọ́n lè máa kan ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Wọ́n tì í pa ní ọdún 1869. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún báyìí, orúkọ ṣì wà lára ògiri ibùdókọ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣìnà nítorí ẹ̀? Rárá o. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé orúkọ mìíràn ti di ìtàn. Ojú wa á rí orúkọ, ọkàn wa á ṣàtúnṣe, a ó bá tiwa lọ. Ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá rí "Dockyard" á lọ wá ọkọ̀ ojú omi. Bí kò bá rí i, ó lè dúró de ọkọ̀ náà títí ayé. Ó sì lè ròyìn fún yín pé òun ò rí ọkọ̀ kankan tó bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ọkọ̀ tó bàjẹ́, torí pé kò sí ọkọ̀ rárá.

Ìyẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ìyókù àlàyé ni.

Kí ni build, kí ni label?

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ẹnjiníà, ẹ má sá lọ. Bí àwa bá kọ kóòdù tán, a ó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, a ó sọ ọ́ di ohun tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè lò. Ohun tó jáde yẹn là ń pè ní build. Kóòdù ni ata, ẹja àti epo. Build ni ọbẹ̀ tó ti jinná. Label ni àmì orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Àmì kan á sọ ẹ̀ka kóòdù tí build náà ti wá. Òmíràn á sọ irú ẹ̀rọ tí a fi sè é. Òmíràn tún wà tó ń sọ àyẹ̀wò tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó gbé e fún oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ilé Nàìjíríà mọ ike áísìkiriìmù tó wà nínú fírísà màmá yín. Àmì ara rẹ̀ ní fanílà ni. Ẹ ṣí i, ẹ bá ẹ̀gúsí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé ò ní bínú, ẹ ti mọ àṣà ilé yín. Àmọ́ bí ẹ bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun tó ń ka àmì nìkan, tí ẹ ní kó gbé áísìkiriìmù wá fún àlejò, ẹ̀gúsí tó ti dì ló máa gbé síwájú àlejò pẹ̀lú ṣíbí. Ẹ̀rọ ni ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀rọ̀ kan tó bá èyí mu: ààlè. Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ rí, ààlè ni àmì tí èèyàn máa ń gbé sára ohun ìní rẹ̀ láti kìlọ̀ fún olè, bóyá sẹ́nu oko, bóyá sórí igi ìdáná tó ti kó jọ. Ó lè jẹ́ bàtà tó ti ya, ó lè jẹ́ àkísà, ó lè jẹ́ ìgbálẹ̀ àlòkù. Ààlè lágbára torí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ṣì wà, oko náà sì ní ohun tó yẹ kí a ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wa iṣu tán tí ààlè ṣì wà lẹ́nu oko, kí ló ń ṣọ́? Bí gbogbo oko tó ti di igbó bá ṣì ní ààlè lẹ́nu, ta ló máa bẹ̀rù ti oko tí iṣu ṣì wà nínú rẹ̀?

Bí software bá ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ẹ̀rọ kan á kúrò, orúkọ ẹ̀ á kù. Ẹni tó dá àyẹ̀wò kan sílẹ̀ á fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbòmíràn, orúkọ tó fún un á kù. Ọdún á yí lu ọdún, ààlè á pọ̀ ju iṣu lọ.

Ohun tí ojú wa rí

Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, mi ò ní dárúkọ wọn, ń ṣe áàpù fún àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé. Ẹ mọ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ kẹ́à. Ní Thamesmead àti Woolwich níbí, àwọn àǹtí wa tó ń ṣe kẹ́à ló máa ń kún inú bọ́ọ̀sì ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Áàpù náà ló ń sọ ilé tí wọ́n máa lọ fún wọn, aago tí wọ́n máa dé ibẹ̀, àti oògùn tí màmá tàbí bàbá ibẹ̀ máa lò.

A ní àyẹ̀wò bí ẹgbẹ̀rún méjì. Ọ̀kan nínú wọn wà fún yíyí aago. Ní Britain, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Nàìjíríà kì í ṣe irú ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe ilé mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àyẹ̀wò aago yìí, a so ó mọ́ ẹ̀ka kóòdù tó ń jẹ́ master. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2020, GitHub, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń kó kóòdù sí, bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀ka àkọ́kọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ tuntun ní main dípò master. Nígbà tó yá, àwa náà tẹ̀ lé wọn, a yí orúkọ ẹ̀ka wa padà. Ohun tí a ò ṣe ni pé a ò wá gbogbo ibi tí orúkọ master ṣì wà nínú ètò àyẹ̀wò wa. Láti ọjọ́ náà ni àyẹ̀wò aago ti ń dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lórí master. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò náà ò kùnà, kò sì yege. Ó kàn dákẹ́. Lórí pátákó tí a ń wò, àbájáde rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé tó tutù yọ̀yọ̀.

Lẹ́yìn èyí la wá tan róbọ́ọ̀tì wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá mú àtúnṣe wá, á ka àbájáde àyẹ̀wò, á sì kọ ọ́ sábẹ́ àtúnṣe náà pé: "Gbogbo àyẹ̀wò ló yege." Inú wa dùn dé ibi pé a jẹ dónọ́ọ̀tì lọ́jọ́ náà. Kó tó dé, bí èèyàn bá fọwọ́ kan kóòdù aago, ẹnì kan á bi í pé, "Ṣé o ti wo ti oṣù kẹta?" Lẹ́yìn tó dé, kò sẹ́ni tó béèrè mọ́. Ta ló fẹ́ bá ẹ̀rọ jiyàn?

Ní oṣù kejì ọdún kan, ẹnì kan nínú wa tún kóòdù aago kọ kó lè yá sí i. Róbọ́ọ̀tì ní gbogbo àyẹ̀wò ló yege. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ má bàa rò pé mò ń di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn: èmi ni.

Ní Sunday tí aago sún síwájú, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Plumstead. Àǹtí kan tí a jọ ń jọ́sìn wọlé nígbà tí ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe.

"Ọmọ mi, bá mi wo fóònù yìí. Ó ti bàjẹ́."

"Kí ló ṣe é, mà?"

"Aago méje ló yẹ kí n dé ọ̀dọ̀ màmá tí mò ń tọ́jú. Fóònù yìí ní aago mẹ́jọ. Mo dé ibẹ̀ ní mẹ́jọ, mo bá màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Kò lè dìde fúnra ẹ̀. Oògùn ṣúgà ẹ̀ ló yẹ kí n ti fún un. Wọ́n ti pè mí láti ọ́fíìsì pé èmi ni mo pẹ́."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Áàpù wa ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun náà ń lò ó.

Ọpẹ́ ni pé nǹkan kan ò ṣe màmá náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí yẹn, mo sì jẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà a tún kóòdù ṣe, a sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń gba àwọn kẹ́rà síṣẹ́ pé ẹ̀bi tiwa ni, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ "ó pẹ́" rẹ́ kúrò lára orúkọ àwọn obìnrin yẹn. Nígbà tí a wá ìdí ẹ̀ délẹ̀, a bá orúkọ master níbi tí a fi í sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn kan máa sọ pé kóòdù ló burú, àmì kọ́. Òótọ́ ni pé kóòdù burú. Ṣùgbọ́n kóòdù búburú kì í ṣe nǹkan tuntun, torí ẹ̀ ni àyẹ̀wò fi wà. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ẹlẹ́rìí kan wà láàárín wa tó ń jẹ́rìí sí ohun tí kò rí. Kí á tó tan róbọ́ọ̀tì, àmì àtijọ́ yẹn kàn jókòó síbẹ̀ ni. Àwa la fún un ní ẹnu.

Ọ̀nà mẹ́ta tí àmì àtijọ́ ń gbà tan ni jẹ

Èkíní ni ìdákẹ́jẹ́, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Àyẹ̀wò ò ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Èkejì ni ìdúró. Lórí GitHub, ẹ lè pàṣẹ pé àyẹ̀wò kan gbọ́dọ̀ yege kí àtúnṣe tó lè wọlé. Orúkọ àyẹ̀wò náà lẹ fi ń pàṣẹ. Bí ẹnì kan bá wá yí orúkọ ẹ̀ padà tí kò sì yí àṣẹ padà, ètò náà á máa dúró de orúkọ àtijọ́, kò sì ní dé láé. Àtúnṣe tó dára á há sẹ́nu ọ̀nà. Kí ni àwọn èèyàn máa ṣe? Wọ́n á bẹ ọ̀gá tó ní àṣẹ pé kó bá àwọn fò ó. Bí wọ́n bá ti fò ó lẹ́ẹ̀mẹta, fífo òfin ti di àṣà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ariwo. GitHub máa ń yá èèyàn ní ẹ̀rọ láti fi ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀yin lẹ máa dárúkọ irú èyí tí ẹ fẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 wọ́n gbé èyí tó ń jẹ́ ubuntu-18.04 kúrò, ní oṣù kẹrin ọdún 2025 wọ́n gbé ubuntu-20.04 kúrò. Ẹni tí kò bá tíì yọ orúkọ wọn kúrò nínú ètò rẹ̀, ojoojúmọ́ ni pupa á máa tàn fún un, nígbà tí kóòdù ẹ̀ ò ní àìsàn kankan. Ẹ tan róbọ́ọ̀tì sórí irú ètò bẹ́ẹ̀, kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí gbogbo èèyàn á ti pa ohùn ẹ̀ mọ́ inú fóònù wọn.

Ìwà tí ariwo ń kọ́ èèyàn ló burú jù. Kódà níbi tí orúkọ ò ti ní àléébù, ariwo nìkan lè ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 2016, John Micco tó ń ṣiṣẹ́ ní Google kọ̀wé pé nǹkan bí 16% nínú àwọn àyẹ̀wò wọn ló máa ń ṣe ségesège: ó yege lónìí, ó kùnà lọ́la, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù. Ó ní bí àyẹ̀wò tó ti ń yege bá ṣàdédé kùnà, nínú 84% irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àyẹ̀wò ségesège wà níbẹ̀. Bí Google, pẹ̀lú gbogbo owó àti èèyàn tí wọ́n ní, bá ń jìjàkadì pẹ̀lú èyí, àwa tí a jẹ́ ẹnjiníà mẹ́fà nínú yàrá kan ńkọ́?

Ímeèlì 97

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó lọ ka ìtàn Knight Capital. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa ra ìpín ìdókòwò, kí wọ́n sì máa tà á. Nínú ètò wọn, àmì kan wà tó ń jí kóòdù àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Power Peg. Wọn ò lo Power Peg mọ́ láti ọdún 2003, àmọ́ wọn ò yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n kọ kóòdù tuntun ní ọdún 2012, àmì kan náà ni wọ́n tún lò fún un. Sáfà mẹ́jọ ló yẹ kí wọ́n gbé kóòdù tuntun sí. Wọ́n gbàgbé ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọjà ṣí. Sáfà méje rí àmì náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ tuntun. Ìkẹjọ rí àmì kan náà, ó jí òkú dìde. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ó ti ra ó sì ti tà ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ilé iṣẹ́ náà sì pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Getco, àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí nítorí owó náà. Ibi tó ká mi lára kì í ṣe owó. Nínú ìwé tí SEC kọ, wọ́n sọ pé kí ọjà tó ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ Knight ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ímeèlì náà ń dárúkọ àṣìṣe kan: "Power Peg disabled". Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ kìlọ̀! Ní ìgbà 97! Ṣùgbọ́n irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣètò kí èèyàn máa kà bí ìkìlọ̀, orúkọ tó wà nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti ohun tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó dìde. Ààlè wà lẹ́nu oko, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ààlè oko tó ti di igbó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò yẹn jìn tó.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi

Ọ̀gá mi kan nígbà náà, èèyàn dáadáa tí mo bọ̀wọ̀ fún, kò gbà pẹ̀lú mi rárá. Ó ní, "Bí a bá ní ká gbálẹ̀ tán kí á tó tan iná, inú òkùnkùn la máa wà títí. Tan róbọ́ọ̀tì náà. Ariwo tó bá pa ló máa fi ibi tí ìdọ̀tí wà hàn wá."

Mi ò lè sọ pé kò ní ọgbọ́n nínú. Mo ti rí ẹgbẹ́ ẹnjiníà tó fi ìmọ́tótó ṣe àwáwí fún ọdún méjì, wọn ò tan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àléébù ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ariwo nìkan ló lè fi ìdọ̀tí hàn. Ìdákẹ́jẹ́ kì í fi nǹkan kan hàn. Àyẹ̀wò aago wa ò pariwo rí. Bí a bá dúró de ariwo, àǹtí wa ni yóò pa á fún wa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú ènìyàn.

Ìdáhùn mi ni pé kí á fi gbèdéke sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún ẹgbẹ́ kékeré. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ lè tan róbọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n kí ó máa sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó ń gbálẹ̀. Kó má tíì bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, torí ìgbà àkọ́kọ́ tó bá purọ́ fún wọn ni ìgbàgbọ́ wọn á dín kù, ìgbàgbọ́ ò sì rọrùn láti rà padà.

Ẹlòmíràn ní yíyọ àmì náà léwu: bí ẹ bá yọ èyí tó ṣì wúlò ńkọ́? Òótọ́ pọ́ńbélé. Nígbà tí a gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ wa, a rí àmì kan tó ti dákẹ́ fún oṣù mọ́kànlá. A ti fẹ́ pa á rẹ́. Ìyáàfin kan tó ń ṣe owó oṣù ló pariwo pé, "Ẹ dúró o!" Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún péré ni wọ́n ń lò ó, ní oṣù kẹrin, nígbà tí ọdún owó orí tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní Britain. Ìdákẹ́ àmì nìkan ò tó láti fi mọ̀ pé ó ti kú. Ẹ wá olówó rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é báyìí

Ẹ kọ gbogbo àmì sílẹ̀ síbì kan: orúkọ ẹ̀ka, orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ àyẹ̀wò tí ẹ sọ pé ó pọn dandan. Ẹ ó rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ni ẹ́? Ìgbà wo lo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn? Kí ló máa bàjẹ́ bí a bá yọ ẹ́? Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á wo ilé náà kí á tó gba orúkọ padà.

Èyí tí kò bá ní olówó, ẹ má pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ kéde rẹ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́, títí kan àwọn tí kì í ṣe ẹnjiníà. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ẹ má ṣe fi orúkọ òkú sọ ọmọ tuntun nínú software. Mo mọ̀ pé nínú àṣà wa, a máa ń sọ ọmọ ní Babátúndé, ó sì dùn mọ́ wa. Ẹ fi ìyẹn sílé. Knight Capital sọ kóòdù tuntun ní orúkọ bàbá àgbà, bàbá àgbà sì jí lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì máa ka iye. "Gbogbo àyẹ̀wò ló yege" kò tó. Kó kọ ọ́ pé, "Àyẹ̀wò 1,940 ló yẹ kó ṣiṣẹ́; 1,939 ló ṣiṣẹ́." Bí róbọ́ọ̀tì wa bá ti sọ gbólóhùn yìí ní oṣù kejì ọdún yẹn, mi ò bá ti fọwọ́ sí àtúnṣe yẹn.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ lórí ẹ̀ka kan tí kì í ṣe ti oníbàárà. Ẹ yí aago sódì, ẹ wò ó bóyá róbọ́ọ̀tì á pariwo. Bó bá pariwo níbi tó yẹ, ẹ lè fún un ní ẹnu báyìí kó bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Bó bá ní gbogbo ẹ̀ yege, ẹ padà sídìí ìgbálẹ̀.

Kò sí ohun tó dùn mọ́ ẹnjiníà nínú iṣẹ́ yìí, mo mọ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń gbé ga ní ìpàdé torí pé ó yọ orúkọ 43 kúrò nínú ètò. Tí róbọ́ọ̀tì bá tàn, tí gbogbo nǹkan sì di àwọ̀ ewé, ẹni tó tàn án ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá fi máa ń kù sẹ́yìn, tí àwọn tí kò sí nínú ìpàdé náà, bí àǹtí wa àti màmá tó ń tọ́jú, fi máa ń san owó rẹ̀.

Lánàá, mo tún kọjá ní Woolwich Dockyard. Mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ yẹn o. Ẹ jẹ́ kó wà, ìtàn ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa béèrè ìdí ẹ̀. Àwa èèyàn ló ń kà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Monday tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, ẹ wá orúkọ kan ṣoṣo nínú ètò yín tí ẹ̀rọ nìkan ń kà, kí ẹ béèrè pé ta ló ni ín. Bí ẹ ò bá rí ẹni tó máa dáhùn, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ gbá.

Ó dìgbà kan ná.